Àfọ́kù Ìkòkò Inú Yanrìn, àti Ohun Tí Wọ́n Ń Kọ́ Àwọn Òmùwẹ̀ Tó Ń Wá Ìtàn Lábẹ́ Omi

Àfọ́kù ìkòkò kan wà lórí tábìlì tí mo fi ń kàwé. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹni tó mọ ọ́n fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó fa ìlà mẹ́ta sí etí rẹ̀, ọ̀kan sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Inú òkìtì yanrìn ni mo ti rí i, níbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn Ìsọlọ̀ Industrial Estate. Mo máa ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní láàbù iléeṣẹ́ kan níbẹ̀, kí owó másítáàsì mi lè pé. Típà ṣẹ̀ṣẹ̀ da yanrìn ọ̀sà náà sílẹ̀ ni, omi ṣì ń ro lábẹ́ ẹ̀, ìkarahun sì kún inú ẹ̀. Mo tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, ó ró kẹ́ẹ́. Mo mú un, mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, mo jù ú sínú báàgì.

Mo rò pé mo ti rí ìṣúra. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn ní Ìbàdàn, mo wá ń retí kó pariwo. Ìbéèrè ló fi dá mi lóhùn: "Ibo ló wà kó o tó mú un?" Mo ní inú yanrìn ni. Ó ní, "Yanrìn wo? Apá ibo nínú ọ̀sà? Báwo ni ibẹ̀ ṣe jìn tó? Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀?" Mi ò mọ ọ̀kankan. Mo bi awakọ̀ típà, ó ní Bàrígà lòun ti lọ rà á, ìyẹn nìkan lòun mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi wá ní kí n máa fi tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí fáànù má baà gbé e. Iṣẹ́ tó ń ṣe títí dòní nìyẹn.

Ojú tì mí díẹ̀, kí n má purọ́. Àmọ́ ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ẹ̀kọ́ kan tí mi ò mọ̀ pé ó wà: ẹ̀kọ́ ìpele gíga tí wọ́n ń fún òmùwẹ̀ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn dáadáa, kó lè ṣe iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn lábẹ́ omi àti ní etí omi. Mo rò pé bí wọ́n á ṣe máa gbé nǹkan jáde ni wọ́n fẹ́ kọ́ wọn. Bí wọn ò ṣe ní gbé e ni wọ́n ń kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti omi fúnra ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ ìtàn Harrison Okene, ọmọ Nàìjíríà tó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé sínú òkun ní oṣù karùn-ún ọdún 2013. Nǹkan bíi mítà 30 ni ọkọ̀ náà rì dé. Nǹkan bíi wákàtí 60 ló fi wà nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú yàrá kan kí àwọn òmùwẹ̀ tó kàn án. Fídíò ìgbà tí ọwọ́ ẹ̀ yọ sí òmùwẹ̀ náà lójijì ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé òun náà padà lọ kọ́ṣẹ́ òmùwẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé Nàìjíríà ò ní òmùwẹ̀. Iṣẹ́ epo rọ̀bì nìkan ti tó láti mú kí wọ́n wà.

Ní gbogbo mítà 10 tí èèyàn bá sọ̀kalẹ̀, omi á tún fi agbára tó tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ òkè orí wa kún èyí tó ń tẹ̀ ẹ́. Ní mítà 30, ó ti di ìlọ́po mẹ́rin ti orí ilẹ̀. Bàlúùnù tí ẹ fẹ́ lókè, tí ẹ bá gbé e débẹ̀, á súnkì di ìdá mẹ́rin. Èémí kan níbẹ̀ ń gba afẹ́fẹ́ èémí mẹ́rin nínú sìlíńdà, ó sì ń tètè tán. Náítírójìn inú afẹ́fẹ́ náà á máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Bí òmùwẹ̀ bá sáré gòkè jù, á hó nínú ara ẹ̀ bí ìgò mínírà tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí i. Náítírójìn kan náà tún máa ń pa èèyàn bí ọtí tó bá ti jìn nísàlẹ̀. Ní kúkúrú, ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní mítà 30 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 péré, orí ẹ̀ ò sì já geere tó bó ṣe rí lórí ilẹ̀. Ẹ wá fún un ní tépù àti pẹ́ńsù, ẹ ní kó ya àwòrán ọkọ̀ tó ti rì.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ náà fi ń bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹgbẹ́ Nautical Archaeology Society, tó wà ní Portsmouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń ṣe irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí láti 1986, fún òmùwẹ̀ àti fún ẹni tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ pàápàá. Wọ́n á kọ́kọ́ wọn nǹkan nínú gbọ̀ngàn, lẹ́yìn náà nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n kọ́, kí wọ́n tó wọ òkun. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ ti mọ iṣẹ́ náà kí orí tó dojú rú.

Ọ̀kan wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ tí mo fẹ́ràn gan-an, mo sì ti dán an wò lọ́gbà iléeṣẹ́ wa nígbà ìsinmi ọ̀sán, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ká ní mo sọ fún yín pé mo wà ní mítà 20 sí géètì. Ẹ ò tíì lè rí mi, torí gbogbo àyíká géètì ni mítà 20 wà. Tí mo bá fi kún un pé mítà 15 ni mo wà sí tiransifọ́mà, ibi méjì péré ló kù tí mo lè wà. Tí mo bá wá sọ bí mo ṣe jìn sí igi máńgòrò, ó ti di ojú kan ṣoṣo. GPS inú fóònù yín ń ṣe irú ìṣirò yìí pẹ̀lú sátẹ́láìtì, àmọ́ ìgbì ẹ̀ kì í wọ omi lọ. Nítorí náà, àwọn òmùwẹ̀ á ri àwọn òpó kéékèèké mọ́lẹ̀ yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n á sì fi tépù wọn nǹkan kọ̀ọ̀kan láti ara òpó mẹ́ta. Bí àyè bá wà, wọ́n á wọ̀n ọ́n láti ara ẹ̀kẹrin, torí ẹ̀kẹrin ló ń tú àṣìṣe fó. Pẹ́ńsù lásán ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sórí ọ̀rá líle tí omi ò lè ṣe ní nǹkan kan.

Àwọn nǹkan mìíràn wà níbẹ̀: ẹ̀rọ sónà tó ń fi ìró wá ohun tó yọrí nísàlẹ̀ omi, àti bí wọ́n ṣe ń ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́tò tó wọnú ara wọn kí kọ̀ǹpútà lè tò wọ́n di odindi ọkọ̀. Ọ̀kan tí kò gba owó rárá ni pé kí èèyàn to nǹkan méjì lórí ilẹ̀ léra, bí igi àti òrùlé, títí ọ̀kan á fi bo èkejì. Ó ti wà lórí ìlà kan nìyẹn. Kó tún wá méjì mìíràn lápá ibòmíràn. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ wà, ó sì lè padà síbẹ̀ lọ́la láìlo ẹ̀rọ kankan.

Ẹ lè bi mí pé kí ni gbogbo wíwọ̀n yìí fẹ́ ṣe. Ọkọ̀ São José ni mo fi máa ń dáhùn. Ọkọ̀ Potogí ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 1794, ó kó èèyàn tó lé ní 500 lẹ́rú láti Mòsáńbíìkì, ó ń kó wọn lọ sí Brazil. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, ó forí sọ àpáta ní Cape Town, níbi tí èèyàn ti lè rí etíkun. Èèyàn 212 ló bómi lọ. Àwọn tó yè, wọ́n tún wọn tà. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn tó ń wá ìṣúra kiri rí àwókù náà, wọ́n sì pè é ní ọkọ̀ Dutch. Bó ṣe wà nìyẹn, títí Jaco Boshoff, awalẹ̀pìtàn ní àwọn mùsíọ́ọ̀mù Iziko, fi rí ẹ̀rí tí ọ̀gá ọkọ̀ náà jẹ́ lẹ́yìn tó rì, nínú àwọn ìwé àtijọ́ ní Cape Town.

Nígbà tí àwọn òmùwẹ̀ tún lọ wo ibẹ̀, ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ò wu ojú rárá: àwọn irin gbọọrọ tó ti dípẹtà. Ẹ̀yin onífísíìsì, ẹ gbọ́ èyí. Ọkọ̀ onígbòkun nílò nǹkan wíwúwo nísàlẹ̀ kó má baà yí dànù. Tó bá jẹ́ ọjà ló kó, ọjà náà á ṣe iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ èèyàn fúyẹ́ ju ọjà lọ, èèyàn sì ń mira. Nítorí náà, ọkọ̀ tó fẹ́ lọ kó ẹrú máa ń di irin mọ́ ìsàlẹ̀. Ìwé kan wà nílẹ̀ Potogí tó sọ pé irin 1,400 ni São José dì nígbà tó kúrò ní Lisbon. Ká ní ẹnì kan ti gbé irin wọ̀nyẹn jáde tó tà wọ́n, bí wọ́n ṣe ń ta irin pàǹtí ní Owódé Onírin, kìlógíráàmù mélòó kan ni wọn ì bá jẹ́. Níbi tí wọ́n wà, ẹ̀rí èèyàn 500 ni wọ́n.

Ọkọ̀ kejì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1860, nígbà tó ti lé ní 50 ọdún tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀, ọkọ̀ Clotilda kó èèyàn 110 láti Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òde òní, lọ sí Alabama. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sọ Yorùbá. Ọ̀kan ni Kossola, ọ̀dọ́mọkùnrin tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì mú nílùú ẹ̀. Ó pẹ́ láyé títí di 1935, Cudjo Lewis ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ ló tẹ ìlú Africatown dó. William Foster, ọ̀gá ọkọ̀ náà, dáná sun ọkọ̀ yẹn nínú odò kí ẹ̀rí má baà sí. Fún ọdún 159, àwọn ọmọ ọmọ wọn ń sọ pé ọkọ̀ yẹn wà nínú omi níbẹ̀, àwọn kan sì ń sọ pé àlọ́ ni wọ́n ń pa.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni àjọ tó ń rí sí ìtàn ní Alabama kéde pé wọ́n ti rí i. Omi odò náà dúdú débi pé òmùwẹ̀ kì í rí ọwọ́ ara ẹ̀. Ìfọwọ́bà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń wọn ohun tí wọn ò lè rí. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ Clotilda sọ pé ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 86, ó sì fẹ̀ ní 23. Ìwọ̀n yẹn bá ti àwókù náà mu. Pákó páìnì orí egungun igi óákù bá a mu, ìṣó irin bá a mu, àpá iná náà wà lára igi. Kò sí àkọlé kankan. Kò sí orúkọ. Àwọn ìwọ̀n kéékèèké tí wọ́n kó jọ ló sọ pé òun ni.

Kamau Sadiki, ọ̀kan nínú àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó ti mòòkùn dé ibi São José àti ibi Clotilda, onímọ̀ ẹ̀rọ ni, kì í ṣe awalẹ̀pìtàn tẹ́lẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ Diving With a Purpose ló wà. Ken Stewart wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Florida, láti kọ́ àwọn òmùwẹ̀ adúláwọ̀ ní iṣẹ́ yìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wíwá Guerrero, ọkọ̀ tó rì ní 1827 pẹ̀lú èèyàn 561 tí wọ́n kó lẹ́rú. Àwọn èèyàn yìí ní iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ nínú ẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ ọ.

Ohun mìíràn wà nínú ẹ̀kọ́ náà tí ìṣirò ò lè kọ́ni. Bí òmùwẹ̀ ṣe máa hùwà níbi tí èèyàn ti kú. Àwa ará Ìsọlọ̀ ò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, nígbà tí bọ́ǹbù ń bú nínú bárékè Ìkẹjà, àwọn èèyàn sá gba ọ̀nà Òkè-Afá. Ilẹ̀ ti ṣú, koríko ti bo ojú kánáàlì, ọ̀pọ̀ rò pé ilẹ̀ ni. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló bómi lọ níbẹ̀. Mo kéré nígbà yẹn, ìyá mi ló pọ̀n mí sá, apá ibòmíràn la gbà. Títí dòní, tí bọ́ọ̀sì bá ti ń gba ẹ̀gbẹ́ kánáàlì náà, wọn kì í sọ̀rọ̀ títí a ó fi kọjá. Ní 2015, àwọn òmùwẹ̀ gbé erùpẹ̀ Mòsáńbíìkì wọ omi Cape Town, wọ́n dà á sórí ibi tí São José rì sí. Nígbà tí mo kà á, ìyá mi ni mo rántí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí láàbù, torí ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí tí kò fi yẹ kéèyàn kàn máa gbé nǹkan jáde nínú omi. Kẹ́míkà kan wà tí a máa ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó fi ṣe ìpara, polyethylene glycol, PEG la ń pè é. Ó funfun, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí àbẹ́là. Igi tó ti pẹ́ nínú omi ti ṣófo nínú. Àwọn kòkòrò tíntìntín ti jẹ ohun tó mú un le, omi ló kù tó ń gbé ògiri inú ẹ̀ ró. Tó bá gbẹ, ẹ ti rí iṣu tí wọ́n gé sá láti fi ṣe èlùbọ́ rí. Bó ṣe ń súnkì, tó ń ká kò, tó sì ń là, bẹ́ẹ̀ ni igi náà ń ṣe. PEG máa ń wọlé rọ́pò omi náà díẹ̀díẹ̀, á sì gbé ògiri yẹn ró. Vasa, ọkọ̀ ogun Sweden tó rì ní 1628, tí wọ́n gbé jáde ní 1961, ọdún 17 ni wọ́n fi wọ́n PEG sí i lára. Ọdún 17! Bí ẹ ò bá ní PEG, owó, àti sùúrù tó tó bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ ni ilé tó dáa jù fún igi yẹn, torí ọ́síjìn ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ẹrẹ̀. Àdéhùn UNESCO ti ọdún 2001 sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: fífi í sílẹ̀ níbi tó wà ni kí wọ́n kọ́kọ́ rò. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn yẹn ní 2005, ṣáájú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Etí omi náà ní tirẹ̀. Ní London, odò Thames lè fà tó mítà 7 láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà. Ilẹ̀ tó yọ yẹn ni àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún Thames Discovery Programme ń yà sórí ìwé, wákàtí díẹ̀ kí omi tó padà. Ẹ̀yin ará wa ní Peckham, ẹ má kàn sọ̀kalẹ̀ lọ máa ṣa nǹkan o, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, omi Èkó kì í fà ju nǹkan bíi mítà kan lọ, torí náà abẹ́ omi gan-an ni púpọ̀ nínú ìtàn wa wà. Ẹnu ọ̀nà òkun Èkó burú fún ọkọ̀ débi pé kí wọ́n tó kó òkúta sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn ọkọ̀ ńlá kì í wọlé rárá, Forcados ni wọ́n ti ń já ẹrù wọn sínú ọkọ̀ kékeré. Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá bá Kòsọ́kọ́ jà, ọkọ̀ ogun wọn méjì, Bloodhound àti Teazer, fìdí sọlẹ̀ nínú ọ̀sà lábẹ́ ìbọn àwọn ará Èkó. Àwọn ọta ìbọn ọjọ́ yẹn, ibo lẹ rò pé wọ́n bọ́ sí?

Ní Dakar, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahima Thiaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Cheikh Anta Diop ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti wá ọkọ̀ ẹrú ní àyíká erékùsù Gorée. Ní Elmina, ní Ghana, Gregory Cook àti àwọn èèyàn ẹ̀ láti Yunifásítì Syracuse fi sónà rí ọkọ̀ kan tó kó àwo idẹ ní 2003. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn lórí ilẹ̀ ó lé ní 50 ọdún. Tí wọ́n bá bi mí lónìí pé ta ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní tiwa, mi ò ní dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kankan, títí kan èmi fúnra mi.

Mo lọ sí etí omi Bàrígà ní Sátidé kan. Àwọn tó ń wa yanrìn ń bọ̀ láti orí omi, ọkọ̀ onígi wọn rì wálẹ̀ débi pé etí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Àwọn yìí kì í lo sìlíńdà. Wọ́n á di èémí, wọ́n á gba ara àkàbà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú garawa, wọ́n á bu yanrìn nínú òkùnkùn, wọ́n á gòkè. Lójoojúmọ́. Mo kí bàbá kan tó jókòó tó ń mu gààrí, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ̀yin kì í fẹsẹ̀ kọ nǹkan nísàlẹ̀ yẹn?"

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Bí igi, bí irin, bí ìkòkò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìkòkò pọ̀. Àwọn ọmọ á kó o pọ̀ mọ́ yanrìn. Igi ńlá kan wà, tiẹ̀ kì í ṣe igi lásán, ó ní ìṣó lára. A máa ń yà fún un, ó ń ba garawa jẹ́."

Mo yọ fóònù mi jáde, mo ní bóyá wọ́n lè júwe ẹ̀ fún mi lórí máàpù. Wọn ò wo fóònù náà rárá. Wọ́n gbé abọ́ gààrí kalẹ̀, wọ́n na ọwọ́ kan sí apá UNILAG. "Ṣó o rí ilé gíga yẹn? Tí òpó netiwọ́ọ̀kì yẹn bá ti bò ó." Wọ́n yíjú, wọ́n na ọwọ́ kejì sí etí omi lẹ́yìn wa. "Tí igi àgbọn yẹn bá wá bọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Kó o kàn ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ níbẹ̀. Wàá gbọ́ ọ."